Thomas Moran: Ayàwòrán Tí Ó Gbé Ọ̀gbun Yellowstone Wá Síwájú Àwọn Aṣòfin

Ní ọdún 1870, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Scribner's Monthly ní ìlú New York gbé iṣẹ́ kan lé ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Thomas Moran lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò níyì púpọ̀. Nathaniel Langford, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yellowstone dé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀: ẹrẹ̀ tí ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, omi gbígbóná tí ń ta sókè ju igi ọ̀pẹ lọ, àti ọ̀gbun ńlá tí òkúta ara rẹ̀ dà bí èyí tí a fi ọ̀dà kùn. Àwọn tí ó bá a rìn ya àwòrán díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gún tó èyí tí a lè tẹ̀ sínú ìwé. Moran ni a ní kí ó tún wọn yà. Ó tún wọn yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí ni ó ń yà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ọmọ àtìpó ni Moran fúnra rẹ̀. Ìlú Bolton, ní ẹkùn Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí i ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1837. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, ọwọ́ ni ó sì fi ń hun aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ dé, ó gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń fi ọwọ́ hun, ni ìdílé náà bá di ẹrù wọn ní ọdún 1844, wọ́n sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí ìlú Philadelphia. Nígbà tí Thomas di ọmọ ọdún 16, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń fín àwòrán sára pátákó fún ìwé títẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé yíya àwòrán wù ú ju fífín pátákó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Edward, wà nínú iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1862 àwọn méjèèjì padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ wo iṣẹ́ Turner, àgbà ayàwòrán tí ó ti di olóògbé nígbà náà; níbẹ̀ ni Moran ti rí bí a ṣe ń fi ọ̀dà lásán mú ìmọ́lẹ̀ àti ìkùukùu dúró. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé Mary Nimmo níyàwó. Obìnrin náà kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì di gbajúmọ̀ nínú fífín àwòrán sára bàbà.

Ní ọdún 1871 ìjọba Amẹ́ríkà rán Ferdinand Hayden, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, pé kí ó lọ wọn ilẹ̀ Yellowstone, kí ó sì padà wá jẹ́ ìṣẹ́. Moran fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí owó. Ọmọ mẹ́ta ni ó ní, èyí àbíkẹ́yìn kò ju bí ọmọ ọdún kan lọ. Ó yá 500 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Scribner's, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ńlá rẹ̀ dógò. Jay Cooke, olówó ilé ìfowópamọ́ tí ń wá owó láti fi la ojú irin Northern Pacific, yá a ní 500 dọ́là mìíràn. Kì í ṣe àánú ni ó mú Cooke ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú irin tí ń kọjá lẹ́bàá ilẹ̀ ìyanu kò ní ṣàì rí èrò kó, àwòrán sì ni yóò ròyìn ilẹ̀ náà fún èrò.

Ọmọ ọdún 34 ni Moran nígbà náà. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bá ẹgbẹ́ Hayden ní ìlú Virginia City ní ẹkùn Montana. Láti ibẹ̀ lọ, orí ẹṣin ni. Gàárì náà lé e lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹ́ ìrọ̀rí sí i kí ó tó lè jókòó. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń jẹ nínú àgọ́ kò bá a lára mu. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹja í pa, ó sì kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń fi bébà tútù wé ẹja, kí a bò ó mọ́ abẹ́ iná títí tí yóò fi jinná. Ibi tí wọ́n ti ń retí pé yóò dá padà, ibẹ̀ ni ó ti ń le sí i.

Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù nínú ìrìn àjò náà ni William Henry Jackson, oní fọ́tò ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ fọ́tò ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a ń gbé sápò. Orí dígí ni wọ́n ń yà á sí. Wọ́n ní láti fi oògùn kun dígí náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yà á nígbà tí ó ṣì tutù, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ nínú àgọ́ dúdú kí ó tó gbẹ. Moran a máa bá Jackson wá ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí, a sì máa bá a ru ẹrù. Ṣùgbọ́n àìpé kan wà lára fọ́tò náà tí Jackson kò lè mú kúrò: dúdú àti funfun nìkan ni ó mọ̀.

Níbi ọ̀gbun ńlá Yellowstone, àwọ̀ gan-an ni ìyanu. Odò náà já bọ́ láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 308, ó sì gba ìsàlẹ̀ ọ̀gbun lọ láàárín ògiri òkúta méjì. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ti se òkúta náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, irin inú rẹ̀ sì ti dípẹtà, ni gbogbo rẹ̀ fi di pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ìyeyè, funfun, àti pupa bí osùn. Ọjọ́ mélòó kan ni Moran lò létí ọ̀gbun náà. A máa fi pẹ́ńsùlù fa ìlà òkúta, a sì kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kí ó má baà gbàgbé. Níbi tí àyè bá gbé wà, a ju ọ̀dà olómi sí i. Àwọn ìgbà kan wà tí yóò jókòó lásán, tí yóò máa wò. Hayden ròyìn pé ayàwòrán náà fi ìbànújẹ́ sọ pé àwọn àwọ̀ ibẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè yà lọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà bà á lóòótọ́, kò sì fi bò. Lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọjọ́ nínú igbó, ó padà sílé pẹ̀lú àwòrán ibi tí ó lé ní 30.

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, Hayden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fọ́tò Jackson àti àwòrán Moran lọ sí Washington, wọ́n fi han àwọn aṣòfin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rí Yellowstone láéláé. Ẹni tí ó ń pe ìròyìn Langford ní irọ́ kò rí ohun sọ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 1872, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìjọba fún gbogbo ènìyàn, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àṣejù ni láti sọ pé àwòrán nìkan ni ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ojú irin wà ńbẹ̀, akitiyan Hayden náà sì wà ńbẹ̀. Síbẹ̀, láìsí iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yìí, kí ni àwọn aṣòfin ìbá rí wò?

Moran kò dúró. Ó na aṣọ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ìbú rẹ̀ sì tó 12, ó sì ya ọ̀gbun náà sára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà olóròóró. Kò sí ibi kan létí ọ̀gbun náà tí ènìyàn lè dúró sí kí ó rí gbogbo ohun tí ó wà nínú àwòrán yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Moran kó ìrísí ibi púpọ̀ pọ̀ sí ojú kan, kò sì fi pamọ́. Òótọ́ ibẹ̀ lápapọ̀ ni ó ń lépa, kì í ṣe òótọ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin rà á ní 10,000 dọ́là ní ọdún 1872. Ẹni tí ó yá owó lọ di ẹni tí ìjọba ń sanwó fún. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi lẹ́tà Y kún àmì orúkọ rẹ̀ lára àwòrán, Y ti Yellowstone, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba oríkì tuntun.

Nínú àwòrán ńlá náà, ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ dúró létí ọ̀gbun, ó kéré bí èèrà lábẹ́ àpáta. Ó yẹ kí a dúró wò ó díẹ̀. Àwọn Tukudika, ẹ̀yà kan nínú àwọn Shoshone, ń gbé ní òkè Yellowstone, wọ́n ń ṣọdẹ níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ń gba ibẹ̀ kọjá láti ayébáyé. Òfin ọdún 1872 kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Láàárín ọdún díẹ̀ ìjọba ti kó àwọn Tukudika kúrò lọ sí ibòmíràn, ilẹ̀ tí a pè ní ti gbogbo ènìyàn kò sì jẹ́ tiwọn mọ́.

Ní ọdún 1873 Moran bá John Wesley Powell lọ sí ọ̀gbun odò Colorado ní Arizona, èyí tí ó tóbi ju ti Yellowstone lọ fíìfíì. Àwòrán tí ó mú ti ibẹ̀ bọ̀, pẹ̀lú òjò àti ìkùukùu inú ọ̀gbun, ni ìjọba tún rà ní 10,000 dọ́là. Lẹ́yìn náà, láti ọdún 1892, ilé iṣẹ́ ojú irin Santa Fe bẹ̀rẹ̀ sí gbé e lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń fún un ní ibùwọ̀, òun sì ń fi àwòrán san án. Wọ́n tẹ ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n fi í sínú férémù, wọ́n sì gbé e kọ́ sí àwọn ibùdókọ̀, ọ́fíìsì àti ilé ìtura káàkiri.

Ní ọdún 1899 ibà taifọ́ìdì dá Ruth, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wó. Mary tọ́jú ọmọ náà títí ó fi yè, ṣùgbọ́n àìsàn náà mú òun fúnra rẹ̀, ó sì kú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gbun Colorado di ilé kejì fún Moran. Bí ọdún bá ti ń yí ká, bàbá àti ọmọ a múra, wọn a lọ lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Ọkùnrin arúgbó onírùngbọ̀n funfun náà wá di ara ohun tí àlejò ń bá níbẹ̀. A máa jókòó létí ọ̀gbun, a máa wo bí òjìji ṣe ń yí padà lára òkúta. Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gbun yìí náà tó di ọgbà ìjọba, ní ọdún 1919, nígbà tí ó di ẹni ọdún 82.

Ìlú Santa Barbara ní California ni ó kú sí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1926, ní ẹni ọdún 89. Òkè kan wà ní ẹkùn Wyoming, tí gíga rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 12,600, tí Hayden àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ní Mount Moran. Ní ọdún 1879 Moran àti Peter àbúrò rẹ̀ lọ wo àwọn òkè ibẹ̀, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn, ní ìhà Idaho, ni wọ́n ti wò wọ́n. Kò dé ẹsẹ̀ òkè tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.