Ògèdèǹgbé Agbógungbórò

Ògèdèǹgbé Agbógungbórò jẹ́ gbajúgbajà jagunjagun ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òun ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ ọmọ ogun Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn, nínú Ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà. Ó di olóògbé ní ọdún 1910.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ ogun

Atọ́rìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni ọmọ ogun ti ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ àwọn Ìbàdàn, tí agbára ogun wọn pọ̀ jù láyé ìgbà náà, ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ ọgbọ́n ogun tó padà fi bá wọn jà.

Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní ọdún 1870. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Ògèdèǹgbé kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí apá ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú nítòsí Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní.

Ogun Kírìjì

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ṣáájú ọ̀tẹ̀ sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ìta-Ògbólú ni Èkìtìparapọ̀ ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé sí. Kò tètè jẹ́ ìpè náà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, Fábùnmi fi ipò olórí sílẹ̀ fún un. Àárín Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ogun náà fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìró ìbọn ló sì fún ogun náà lórúkọ. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886 láìsí ẹni tó borí, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ogun parí pátápátá.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ògèdèǹgbé kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ, wọ́n sì ń yọ ìlú lẹ́nu. Èyí ló mú kí Ọ̀gágun Bower mú un ní ọdún 1894, tí wọ́n sì gbé e kúrò ní ìlú rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó jẹ oyè Ọbańlá ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, oyè náà ló sì wà títí ó fi wàjà ní Iléṣà.