Bruce Lee: Ẹni Tí Kò Fi Ẹ̀ṣẹ́ Ṣeré

Púpọ̀ nínú wa ló máa ń gbé ọmọ lọ kọ́ kàráátè lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ mọ àwọ̀ bẹ́líìtì. Àwa àgbà mọ Bruce Lee, nítorí sinimá rẹ̀ tí a wò nílé, tí a fi ń ju ẹsẹ̀ kiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n sinimá nìkan kọ́ ni ọkùnrin yìí fi sílẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1940 ni a bí i ní San Francisco, nígbà tí bàbá rẹ̀, Lee Hoi-chuen, òṣèré orí ìtàgé, wá ṣeré ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e padà sí Hong Kong. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìjà Wing Chun lọ́dọ̀ Ip Man, ṣùgbọ́n ìjà ìgboro pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ tiwa bá ń ya ìpáǹle níbí, a máa ń halẹ̀ pé a ó dá a padà sí Nàìjíríà. Ní ti Bruce, Amẹ́ríkà ni wọ́n rán an wá ní 1959, ọmọ ọdún 18, pẹ̀lú 100 dọ́là. Ó ń ṣe agbáwo nílé oúnjẹ kan ní Seattle, ó sì ń lọ sí iléèwé.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìjà ilẹ̀ Ṣáínà kì í kọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ṣáínà. Bruce kò tẹ̀ lé wọn. Aláwọ̀ dúdú, Jesse Glover, ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọlọ́pàá ti lu Glover nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun bí a ti ń gba ara ẹni là. Lẹ́yìn rẹ̀, dúdú, funfun àti ọmọ Japan ló gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Bruce.

Ní òpin ọdún 1964, òun àti Wong Jack Man jà ní Oakland. Títí dòní, ẹnu kò kò lórí bí ìjà náà ṣe lọ. Ohun tó dájú ni pé inú Bruce kò dùn sí ara rẹ̀: ó rẹ̀ ẹ́ kíákíá, ohun tó ti kọ́ kò sì tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré láràárọ̀, ó kọ́ ọgbọ́n àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ tirẹ̀, ó sì pe ìlànà tuntun náà ní Jeet Kune Do.

Nínú ìdíje kàráátè ìgbà náà, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé tán. Bó bá sún mọ́ ara, adájọ́ á fún ni ní máàkì. Bruce kò gba èyí. Ẹni tí kò tíì jẹ ẹ̀ṣẹ́ rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá òun lè jà? Ó fi ìbọ̀wọ́, akoto àti ohun ìdáàbòbò àyà wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lu ara wọn gidi. Ní 1967, ó ṣe é lójú gbogbo ènìyàn ní Long Beach, California.

Joe Lewis, aborí nínú kàráátè, wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Lewis wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́, ó sì gbá Greg Baines ṣubú ní ìpele kejì. Ìjà yẹn ni wọ́n kà sí ìbẹ̀rẹ̀ kickboxing ní Amẹ́ríkà. (Kò ṣàjèjì sí àwa tó mọ dambe àwọn Hausa.) Ọ̀rẹ́ Bruce kan, Jhoon Rhee ọmọ Kòríà, tó ti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìjà ní San Marcos, ní Texas wa níbí, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ló ṣe ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ oní-tìmùtìmù tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lè jà láìfi ara pa jù.

Ní 1970 kan náà, Bruce fi irin gbígbé ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe. Àwọn dókítà ní kò ní í lè ju ẹsẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ń kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, ó sì dìde. Àwọn sinimá Hong Kong tí a mọ̀ ọ́n sí tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1973, ọpọlọ rẹ̀ wú, ó sì kú ní Hong Kong, ẹni ọdún 32. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Seattle ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni Enter the Dragon jáde ní Amẹ́ríkà, tòun ti Jim Kelly, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ aborí nínú kàráátè.

Kò fojú rí ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé kàráátè tí a ń lu ara ẹni gidi, ní Los Angeles. Joe Lewis gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tó wúwo jù. Jeff Smith, akẹ́kọ̀ọ́ Jhoon Rhee, náà gba tirẹ̀.

Àwa òbí tí à ń ṣàníyàn pé èdè àti àṣà wa yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa níbí, ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin yìí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n kọ́ Bruce, kò gbé ilé tà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún àlejò, ilé náà sì tóbi sí i.