Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó ti rí nínú ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ìtàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi òótọ́ òwe yìí hàn ní yunifásítì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike.

Ìlú Awka ní ilẹ̀ Ìgbò ni a ti bí i ní oṣù Kejìlá, ọdún 1917. Ó kàwé ní Achimota ní Gánà àti ní Fourah Bay ní Sàró, kí ó tó rékọjá sí Aberdeen àti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1950, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn, nítorí pé àwọn baba wa kò kọ ọ́ sílẹ̀. Dike kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sọ ìwé òyìnbó nù, ṣùgbọ́n ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ó sì yẹ méjèèjì wò fínnífínní. Báyìí ni ó ṣe kọ ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní Niger Delta, tí ó jáde ní 1956.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe ìwádìí bí kò bá sí ohun tí yóò wádìí. Ìwé àtijọ́ ń ṣègbé ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Dike rin ìrìn-àjò káàkiri láti yẹ̀ wọ́n wò, akitiyan rẹ̀ ni ó sì mú kí ìjọba dá ilé ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní 1954. Ní 1960, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

Rògbòdìyàn 1966 mú un kúrò ní Ìbàdàn. Ó kọ́ni ní Harvard ní Amẹ́ríkà, ó padà wá sílé, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1983.

Àwa ará Yewa jẹ nínú èso iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, Ẹ̀ka Ìtàn ní Ìbàdàn ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó lo ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Faransé àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní ìhà méjèèjì ibodè wa láti kọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní 1976. Ìbá ṣe ìhà kan ṣoṣo ni ó gbọ́, ààbọ̀ ìtàn ni ìbá kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tàbí tí ẹ kà á nínú ìwé, ẹ máa béèrè ẹni tí ó sọ ọ́, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, àti ohun tí ẹnìkejì wí.