Aliyu Ọmọ Sidi: Ọba Zaria tí Òyìnbó fi Jẹ, tí Òyìnbó sì Rọ̀ Lóyè

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bénúé ti pàdé, ibi ìsìnkú kan wà tí wọ́n sin àwọn ọba Òkè Ọya tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè sí. Méjì nínú wọn jẹ́ ọba Zaria. Muhammadu Lawal Kwasau ni ọ̀kan. Èkejì ni Aliyu ọmọ Sidi, tí àwọn Haúsá ń pè ní Aliyu Dan Sidi, ẹni tí Òyìnbó gbé gorí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n mú Kwasau kúrò.

Inú ìdílé Mallawa ni a bí Aliyu sí. Bàbá bàbá rẹ̀, Malam Musa, ni Fúlàní àkọ́kọ́ tí ó jọba ní Zaria lẹ́yìn ogun ẹ̀sìn Shehu Usman dan Fodio. Sidi Abdulkadir, ọmọ Malam Musa, jọba ní 1853, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí oyè tí Sultan Sókótó fi rọ̀ ọ́. Ní Zaria, oyè kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ tààrà. Ó ju ìdílé kan lọ tí ń dù ú, ẹni tí Sókótó bá sì fọwọ́ sí ni yóò wé láwàní. Ọmọ ọba tí a rọ̀ lóyè ni Aliyu ń jẹ́. Kì í ṣe ohun tuntun ní ilé wọn pé kí aláṣẹ tí ń gbé ní ọ̀nà jíjìn ránṣẹ́ wá kí ọba dìde lórí ìtẹ́.

Òyìnbó kò fi tipátipá wọ Zaria bí wọ́n ti wọ Kánò. Kwasau ló pè wọ́n. Ibrahim Nagwamatse, ọba Kontagora, ti ń kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ Zaria lẹ́rú. Nígbà tí Òyìnbó ṣẹ́gun rẹ̀ nílé, ó sá kó ogun rẹ̀ wọ ilẹ̀ Zaria, Kwasau sì ké sí Òyìnbó pé kí wọ́n wá gba òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1902 ọwọ́ wọn tẹ Nagwamatse. Kwasau pe àlejò wá pa ejò ní ìyẹ̀wù. Nígbà tí ejò kú tán, àlejò kò lọ mọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti mú Kwasau fúnra rẹ̀ lọ sí Zungeru. Ní oṣù kejì 1903 wọ́n gba Kánò, ní oṣù kẹta wọ́n gba Sókótó, nígbà tí ó sì di oṣù keje, Sultan Attahiru ti kú sójú ogun ní Burmi. Ní ọdún yìí kan náà ni Lugard fi Aliyu jọba.

Ohun tí Lugard wí fún àwọn ọba náà kò díjú. Àṣẹ tí Sókótó ní lórí wọn ti di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọn yóò máa ṣe ìdájọ́ òdodo, wọn kò gbọdọ̀ kó ènìyàn lẹ́rú mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọba kò tú gbogbo ẹrú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí a bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1901 ni òfin sọ pé ó jẹ́ òmìnira. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ló ń ro oko ọba àti oko àwọn ìjòyè. Ohun tí yóò wá di ẹ̀sùn sí Aliyu lọ́rùn ti wà ní ilé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wé láwàní fún un.

Yorùbá tí ń gbé Zaria yóò tètè lóye ipò tí ó wà. Kí Òyìnbó tó dé, Ìbàdàn a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì. Ọba ìlú wà ní ààfin rẹ̀, adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ajẹ́lẹ̀ ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Òyìnbó tí ń ṣojú ìjọba ní Zaria rí sí Aliyu.

Ìlú náà sì ń yí padà lójú rẹ̀. Ní 1905 Aliyu gba Dókítà Walter Miller ti ìjọ CMS láàyè láti gbé inú odi ìlú, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Haúsá nígbà náà. Nígbà tí 1912 fi parí, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó kí ó sì sọ̀ ní Zaria, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn kọjá Odò Ọya ní Jẹ́bà títí tí afárá fi parí ní 1916. Irin mìíràn tún ti Zaria lọ sí Bukuru níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Nípa ọ̀nà irin yìí ni akọ̀wé, oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá fi dé, tí Sabon Gari sì hù sí ẹ̀yìn odi. Aliyu ni ọba nígbà tí àwọn bàbá ńlá ọ̀pọ̀ Yorùbá Zaria kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀.

Akéwì ni ọba yìí pẹ̀lú, èyí ni àwọn onímọ̀ èdè Haúsá fi mọ̀ ọ́n jùlọ. Èdè Haúsá ni ó fi ń kéwì, ó sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. Nígbà tí Lugard pe àwọn ọba Òkè Ọya jọ sí Kánò ní 1913, Aliyu kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ó sì fi ewì gígùn ròyìn àpéjọ ńlá náà. Ẹni tí ó bá ka ewì náà lónìí yóò kíyè sí i pé ọba ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti inú ìlú wọn wá pàdé ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín òun àti Miller, ọ̀rẹ́ kò tọ́jọ́. Òyìnbó ìjọ náà ń gbé ìlú, ó gbọ́ Haúsá dáadáa, ẹkún àwọn tálákà sì ń dé etí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹjọ́ ọba sun ìjọba pé ó ń ni ará ìlú lára, pé ọ̀ràn ẹrú kò tí ì kúrò ní ààfin. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ Aliyu di ẹni mímọ́. Ẹni tí ó jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn ẹmẹ̀wà ọba kò ní ìdí láti sunkún rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ni ó fi í jọba, ìjọba yìí náà ni ó ń gba nínú owó orí tí ọba ń bá a gbà, ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sì fi jọ ṣe é.

Ní 1920 wọ́n rọ Aliyu lóyè, wọ́n sì mú un lọ sí Lọ́kọ́ja. Kò tún padà wálé títí ó fi kú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó dé Èkó: ní 1925 ìjọba yọ Eshugbayi Ẹlẹ́kọ̀, ó sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó gbé ẹjọ́ náà dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Ẹlẹ́kọ̀ sì padà wálé ní 1931. Kò sí ẹni tí ó pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọba Zaria.

Oyè bọ́ sí ọwọ́ Dallatu, àbúrò Kwasau. Ní 1924 ó kan Ibrahim, ọmọ Kwasau fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó kúrò ní ìdílé kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò yà sọ́dọ̀ Mallawa. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ikú Shehu Idris, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde Ahmed Nuhu Bamalli gẹ́gẹ́ bí ọba Zaria tuntun. Òun ni ọmọ Mallawa àkọ́kọ́ tí ó jókòó lórí ìtẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti mú Aliyu lọ, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko.