J. D. Akeredolu: Ọmọ Ọ̀wọ̀ tó fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ayé Yorùbá

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó títí dé abúlé tó jìnnà jù, díẹ̀ nínú wa ni kò fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò nígbà èwe. Ní òkè òkun, àgbàlagbà náà ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ń to ike wẹ́wẹ́ pọ̀ di táǹkì ogun tó kéré sí ojúlówó ní ìlọ́po 35, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì fi ẹrẹ̀ àti ìpẹtà sí i lára, kí ó lè jọ èyí tó ti ojú ogun dé. Àwọn ọdún 1960 ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1930 ni ọmọ Yorùbá kan ti ń to ẹ̀gún igi pọ̀ di ènìyàn, odó àti ọkọ̀ ojú omi.

Olóògbé Justus D. Akeredolu ni ẹni náà. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Ọ̀wọ̀, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Iṣẹ́ ọnà kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ eyín erin fún ọba àti ìjòyè, ère amọ̀ ayé àtijọ́ ni àwọn awalẹ̀pìtàn sì bá ní Igbó'Lájà ní ọdún 1971.

Akeredolu kò lo eyín erin. Ẹ̀gún ara igi àtá àti àràbà ẹlẹ́gùn-ún ni ó mú. Àwọn ará oko mọ ẹ̀gún yìí: ó nípọn nídìí, ó sì rọ ọ̀bẹ lọ́rùn. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: èyí tó funfun bíi wàrà, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó dúdú díẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ lè fi ọ̀kan ṣe ara ènìyàn, kí ó fi òmíràn ṣe aṣọ, láìlo ọ̀dà rárá.

Ẹ̀gún kan kì í sábà tó ère kan. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tó ń gún iyán, oníṣẹ́ yóò gbẹ́ odó lọ́tọ̀, ọmọ odó lọ́tọ̀, ara obìnrin náà lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ère náà kò ju ìka ọwọ́ lọ. Síbẹ̀, adẹ́mu kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ láìsí igbà, onílù kò sì gbọdọ̀ ṣàìmú ọ̀pá ìlù dání. Bí ohun kékeré kan bá yingin, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ yóò rí i. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti kúrò ní eré ọmọdé.

Akeredolu ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú London. Nígbà tó padà, ó bá ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́. Ọdún 1984 ni ó jáde láyé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Àwọn mìíràn kọ́ ọ, wọ́n sì ń tà á fún àwọn òyìnbó tó wá sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n títà yìí kan náà ló fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ère ẹ̀gún wà lórí pẹpẹ ní ọ̀pọ̀ ilé l'óòkè òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn tó ni wọ́n kàn mọ̀ pé láti Nàìjíríà ni.

Èyí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nílé. Ọmọ ìgbà yìí tí kò rí igbà adẹ́mu rí lè rí i nínú ère tó kéré tó ìka. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ohun tí àwọn ère náà ń ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì dárúkọ Akeredolu fún wọn. Iṣẹ́ ń bẹ, kí orúkọ oníṣẹ́ má parun.