Àìná Ọnàbólú: Ẹni Tó Lànà Fún Àwọn Ayàwòrán Wa

  Ìtàn ẹnì kan la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń fa àríyànjiyàn láàárín òbí àti ọmọ nínú àwùjọ wa. Àwọn ọmọ wa kan wà tí àwòrán wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kọ sáìbóòdù, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà àti kàlẹ́ńdà, wọ́n sì ń ya àmì ìdánimọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Àmọ́ àwọn òbí kan ń sọ pé iṣẹ́ aláìríṣẹ́ ni, àwọn kò rán ọmọ nílé ìwé kó wá máa kun pátákó. Ká tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká wo ìgbésí ayé olóògbé Àìná Ọnàbólú.

Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná, ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọnà tó sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ó ti ń wo àwòrán inú ìwé ìsìn àti ìwé àwọn oníṣòwò tó ń ti ìlú òyìnbó wá, ó sì ń tún wọn yà. Kò sí olùkọ́ tó jókòó tì í. Ó lọ sí ilé ìwé Caxton House ní Èkó, ó jáde ní ọdún 1900, ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àwòrán lọkàn rẹ̀ wà. Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán ìyá ààfin kan ní Èkó, Ìyáàfin Spencer Savage, títí di òní ni wọ́n sì ń dárúkọ àwòrán náà.

Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kó jọ ènìyàn. Ohun tí Ọnàbólú dìde láti já nírọ́ nìyẹn. Kò fi ẹnu jà, ọwọ́ ló fi jà.

Ní ọdún 1920, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ àwòrán, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ St John's Wood ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì tún kàwé ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ wò: ẹni ọdún 38 ni nígbà tó lọ jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Ní ọdún 1922 ló padà sílé, ọdún náà ló sì ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní Sisi Nurse.

Kò kó ìmọ̀ náà pamọ́. Ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, títí kan King's College àti CMS Grammar School. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú àti bí èyí tó súnmọ́ni ṣe ń tóbi. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó rí i pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnì kan lọ, ó ń rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i. Ní ọdún 1927, ìjọba mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Èrò àwọn méjèèjì kò bára mu. Òyìnbó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn, igi gbígbẹ́ àti aṣọ híhun. Ọnàbólú fẹ́ kí wọ́n mọ ìlànà òyìnbó dunjú, kí ẹnikẹ́ni má bàa fojú kéré wọn. Lójú tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì ni. Ben Enwonwu, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Murray, ló ṣe ère Ṣàngó sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina l'Ékòó ní ọdún 1964. Ìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó wà níbẹ̀, ìtàn wa náà wà níbẹ̀. Ta ni yóò rí Ṣàngó tí kò ní rántí mànàmáná? Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń náwó gọbọi lé lórí lónìí.

Ọnàbólú dágbére fáyé ní ọdún 1963. Ọ̀nà tó là kò dí. Ní 1928, nígbà ayé rẹ̀, ni ilé iṣẹ́ ìpolówó West African Publicity ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, òun ló padà di Lintas. Ní 1959, ọmọ Yorùbá kan tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, Táíwò Akínkúnmi, ya àsíá tí gbogbo Nàìjíríà ń tà lónìí. Ní 1988, ìjọba ṣe òfin tó dá àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ ìpolówó ọjà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba ṣòfin lé lórí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ. Yunifásítì Màídúgùrí tó wà nítòsí wa ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Bí ọmọ bá ní ẹ̀bùn yìí, ẹ jẹ́ kó kàwé lé e. Bí ẹ bá sì ní kí ọ̀dọ́ kan ṣe pósítà ìgbéyàwó tàbí ti ẹgbẹ́, ẹ sanwó rẹ̀. Ọmọ wa ni kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan tiyín. Ọnàbólú wo àwòrán ẹlòmíràn yà láti fi kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà ló ya tirẹ̀. Ẹ má máa wú iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí i. Oníbàárà tó bá mọ̀ kò ní padà wá mọ́.

Wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ti dín wa kù ní ìlú yìí, ó sì ti ba òwò ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọmọ tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, bó bá ní láti ṣí kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ á bá a lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa, kó sì fi àlàáfíà jíǹkí ilẹ̀ Borno. Àmín.