Byron Preiss: Apàlọ́ Tí Ó Kú Kí Wọ́n Tó Já Àlọ́ Rẹ̀ Tán

Ojú ewé yìí ni a ti máa ń sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn tí wọ́n ti lọ ṣùgbọ́n tí orúkọ wọn kò parẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọba, jagunjagun tàbí olóṣèlú ni a máa ń mú. Lọ́tẹ̀ yìí, apàlọ́ kan ni a mú, ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa gan-an.

Òkè Ọya ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú wa, ibẹ̀ náà ni a sì ti dàgbà. A kò jókòó sábẹ́ òṣùpá ní agboolé àwọn bàbá wa. Inú pálọ̀ ni a ti gbọ́ àlọ́ àpamọ̀, ní alẹ́ tí iná bá lọ tí ìyá wa bá tan àtùpà. Síbẹ̀, òfin àlọ́ kan náà ni. Apàlọ́ yóò pa á, a ó sì máa ronú. Bí wọ́n bá ní òkun ń hó, ọ̀sà ń hó, ọmọ burúkú kan sì ti orí bọ̀ ọ́, a ó dárúkọ ẹja, a ó dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, títí yóò fi sú wa. Nígbà tí a bá gbà pé a kò mọ̀ ọ́n, ìyá wa yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní ọmọrogùn ni. Kò sí apàlọ́ tí í pa àlọ́ tán tí í dìde lọ sùn láìjá a.

Byron Preiss pa àlọ́ méjìlá fún gbogbo ayé ní ọdún 1982. Nígbà tí ikú mú un lọ ní ọdún 2005, méjì péré ni wọ́n tíì já.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1953 ni wọ́n bí Byron Preiss ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ìdílé Júù ni ó ti wá. Ó kàwé ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì lọ sí Stanford láti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti fẹ́ràn ìwé ìtàn alawòrán, irú èyí tí àwọn òbí máa ń já gbà lọ́wọ́ ọmọ tí wọn a ní kí ó lọ ka ìwé gidi. Preiss kò gbà pé ìwé yẹpẹrẹ ni. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, òun àti ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Jim Steranko ṣe ìwé alawòrán kan láti kìlọ̀ oògùn olóró fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún.

IṢẸ́ RẸ̀

Ní ọdún 1974, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kẹta! Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti agbaṣẹ́ṣe tí ń kọ́lé. Agbaṣẹ́ṣe kì í mọ bíríkì fúnra rẹ̀. Òun ni í wá bíríkìlà, òun ni í wá káfíńtà, òun ni í sì mọ irú ilé tí òun fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Preiss ṣe máa ń ronú kan ìwé, yóò wá òǹkọ̀wé, yóò wá ayàwòrán, yóò sì gbé e fún àwọn òǹtẹ̀wé ńlá. Òun náà a sì máa kọ̀wé. Ní ọdún 1979, òun àti Michael Reaves jọ kọ ìtàn àròsọ tí wọ́n pè ní Dragonworld.

Ọdún náà gan-an ni ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Kit Williams fi wúrà ṣe ehoro kan. Ó rì í mọ́lẹ̀ ní ọgbà Ampthill ní Bedfordshire, ó sì fi ọ̀nà ibẹ̀ pamọ́ sínú àwòrán 15 nínú ìwé tí ó pè ní Masquerade. Ẹni tí ó bá já a ni ó ni ehoro. Williams kò dá nìkan lọ ní òru tí ó lọ rì í. Ó mú Bamber Gascoigne dání ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìwé náà tà wàràwàrà, àwọn ènìyàn sì ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri.

ÀPÓTÍ MÉJÌLÁ

Preiss rí èyí, ó sì ní òun yóò ṣe tòun. Dípò ìṣúra kan, méjìlá ni òun yóò rì. Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Bantam tẹ ìwé rẹ̀ jáde, The Secret ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ ni pé àwọn iwin ilẹ̀ àtijọ́ sá wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó òkúta iyebíye méjìlá dání. John Jude Palencar ya àwòrán méjìlá sí i, ewì méjìlá sì wà níbẹ̀. Preiss kò sọ ewì tí ó bá àwòrán kọ̀ọ̀kan mu. Òǹkàwé ni yóò so wọ́n pọ̀, tí yóò mọ ìlú, tí yóò mọ ọgbà, tí yóò mọ ẹsẹ̀ igi tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí yóò gbẹ́. Àpótí kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe ni yóò bá níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ bá Preiss, òkúta iyebíye di tirẹ̀.

Kí ló mú kí irú ìwé yìí dùn mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀? Ní tiwa, a rò pé kì í ṣe nítorí owó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwé kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n rà, òun náà ni akọ́ṣẹ́ rà. Kò sí ẹni tí wọ́n bi léèrè pé ọmọ ta ni tàbí máàkì mélòó ni ó gbà. Ní ọdún 1983, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gbẹ́ àpótí àkọ́kọ́ jáde ní ọgbà Grant Park ní Chicago, Preiss sì fún wọn ní òkúta emerald tí ó ṣèlérí.

Gbogbo ènìyàn rò pé àwọn yòókù yóò tẹ̀lé e wéréwéré. Ọdún mọ́kànlélógún kọjá, kò sí èkejì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn olùfẹ́ ìwé náà kò sì jáwọ́. Ní ọdún 2004, agbẹjọ́rò kan rí i pé ewì kan dárúkọ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, ó sì rí orúkọ wọn lára ògiri kan ní ọgbà àwọn ará Gíríìkì ní Cleveland. Ó gbẹ́ ibẹ̀, ó rí àpótí. Preiss tún mú ìlérí ṣẹ, ó fún un ní òkúta aquamarine.

IKÚ RẸ̀

Ní gbogbo àkókò yìí, Preiss kò jókòó lásán. Ó ṣe ìwé lórí àwọn ẹranko ayé àtijọ́ àti lórí ìràwọ̀, ó bá àwọn òǹkọ̀wé ńlá bí Isaac Asimov àti Ray Bradbury ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ibooks sílẹ̀ ní ọdún 1999.

Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2005, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ó ń wakọ̀ lọ sí sínágọ́gù ní Long Island nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè, ó kógbá sílé.

Àpótí mẹ́wàá ṣì wà nínú ilẹ̀. Orí Preiss nìkan ni ìdáhùn wọn wà, orí náà sì ti lọ.

ǸJẸ́ ÀLỌ́ NÁÀ TỌ́?

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò. Àwọn kan ní Preiss kò ṣe dáadáa, nítorí pé kò mú ẹlẹ́rìí dání bí Kit Williams. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ehoro wúrà. Ẹnì kan gbà á ní ọdún 1982. Nígbà tí ó di ọdún 1988, ìwé ìròyìn Sunday Times tú àṣírí pé orúkọ tí ó ń jẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti jẹ́ olólùfẹ́ Williams rí ni òye ibi tí ehoro wà ti jáde. Àwọn olùkọ́ físíìsì méjì tí wọ́n já àlọ́ náà bó ṣe yẹ kò rí ehoro gbà. Wọ́n ta ehoro náà ní gbàǹjo ní £31,900. Àṣírí tí ó wà lẹ́nu ẹni púpọ̀ lè jò. Ti Preiss kò jò rárá.

Àwọn mìíràn ní àlọ́ rẹ̀ ti le jù. Àwa kò gbà. Àwọn tí wọ́n já a fi hàn pé ó ṣeé já. Kódà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin kan já èkẹta ní Boston. Ó mọ̀ pé ọgbà Langone Park ni. Nígbà tí ìlú ń tún ọgbà náà ṣe ní ọdún 2019, ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun ṣọ́ ilẹ̀, katapílà sì hú àpótí náà jáde ní ibi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹbí Preiss ló fún un ní òkúta iyebíye. Olóògbé kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìlérí rẹ̀ kò kú.

Ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń difá ọrọọrún. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń wó ògiri, wọ́n ń da kọnkéré sórí ilẹ̀ tí ewì tọ́ka sí. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ tí kò rí nǹkan kò lè mọ̀ bóyá òun ṣì í ni, tàbí bóyá ẹlòmíràn ti fi katapílà kó àpótí náà dànù láìmọ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a pa àlọ́ fún kì í ṣe láti borí nìkan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé bí ó bá sú u, kí ó lè ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí Preiss wà láyé, àlọ́ rẹ̀ tọ́. Ọjọ́ tí ó kú ni ó yí padà, kì í ṣe nítorí ìkà, bí kò ṣe pé ọkùnrin tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwé kò fi ìwé kan ṣoṣo tí ó yẹ sílẹ̀.

Àpótí mẹ́sàn-án ṣì kù. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá wọn.

Àwa náà ńkọ́? Ìyá àgbà wa nílé mọ oríkì ìdílé wa láti òkè dé ilẹ̀. Ó mọ ibi tí àwọn baba wa ti ṣí wá, ó sì mọ ìdí tí a kò fi ń jẹ ohun kan báyìí. Orí rẹ̀ nìkan ni ó wà. A ti gbọ́ díẹ̀, a kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé a rò pé àkókò ṣì wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti bírò dání lọ bá wọn. Kí a bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì sọ fún wa pé ọmọrogùn ni.